Etí kan nínú, etí kan níta: bí a ṣe ń yan hẹ́dífóònù fún iṣẹ́ DJ

Bí àwọn èèyàn ṣe ń jó lọ́wọ́, orin méjì ló ń lọ, àmọ́ ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbọ́. Èkejì wà létí DJ nìkan. Ó ń fà á síwá sẹ́yìn, ó ń wá ibi tí yóò ti wọlé, ó ń mú eré rẹ̀ bá ti èyí tó wà níta mu. Nígbà tí orin náà bá máa fi bọ́ sí gbangba, iṣẹ́ ti parí lórí rẹ̀. Inú hẹ́dífóònù ni gbogbo iṣẹ́ yẹn ti ń wáyé, ìdí sì nìyẹn tí èyí tó dùn jù láti fi gbádùn orin lórí ibùsùn fi lè jẹ́ èyí tó burú jù fún DJ.

Ẹ̀rọ kò fi ìgbà gbogbo fàyè gba irú iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ yìí. Láàárín ọdún 1970 sí 1979, ní Bronx nílùú New York, DJ kan tó ń jẹ́ Grandmaster Flash ń wá ọ̀nà tí yóò fi gbọ́ àwo kejì kí àwọn oníjó tó gbọ́ ọ. Ó so súwíìsì kan mọ́ ẹ̀rọ rẹ̀, èyí tó jẹ́ kó lè yọjú wo àwo náà nínú hẹ́dífóònù, ó sì pè é ní peek-a-boo. Lónìí, bọ́tìnnì CUE tó wà lára míkísà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń da orin pọ̀, ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́, orin orí ìlà yẹn á gba inú hẹ́dífóònù lọ, ì báà jẹ́ pé fédà rẹ̀, ohun tí wọ́n ń tì láti gbé ohùn sókè fún àwọn oníjó, ṣì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Bọ́tìnnì róbótó kan tún wà nítòsí rẹ̀ tí wọ́n ń yí: apá kan rẹ̀ jẹ́ ti orin tó ń bọ̀, apá kejì jẹ́ ti èyí tó wà níta, bó bá sì wà láàárín, méjèèjì á dàpọ̀ létí.

Ká ní orin tó wà níta ń lu ìlù 120 ní ìṣẹ́jú kan, tí èyí tó ń bọ̀ ń lu 121. Ta ni ìyàtọ̀ kan ṣoṣo máa ń dà láàmú? Àmọ́ tó bá fi máa pé ìdajì ìṣẹ́jú, orin kejì á ti fi ìdajì ìlù kan ya ti àkọ́kọ́ sílẹ̀. Gbì ti ọ̀kan á máa bọ́ sáàárín gbì tèkejì, bí èèyàn méjì tó jọ ń gún odó kan tí ọmọ odó wọn ń kọlu ara wọn. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ òde òní ní bọ́tìnnì SYNC tó ń mú eré méjèèjì dọ́gba. Ṣùgbọ́n SYNC kò mọ̀ bóyá akọrin ti fẹ́ la ẹnu, orin tí èèyàn fi ọwọ́ lu ìlù rẹ̀ sì máa ń dà á rú, torí pé onílù máa ń yára díẹ̀, á tún rọra díẹ̀. Etí ló ń mú irú ìyẹn.

Ohun tó ń dí etí lọ́wọ́ láti mú un ni ariwo, ibẹ̀ gan-an ló sì yẹ kí ẹni tó fẹ́ ra hẹ́dífóònù ti bẹ̀rẹ̀. Níbi tí DJ máa ń dúró sí, ariwo lè tó 100 dB (dẹ́síbẹ̀lì, tí wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe le tó), ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí hẹ́dífóònù kò bá dá ariwo yẹn dúró, kí ni DJ máa ṣe? Á yí fólúùmù sókè kí orin inú lè borí orin òde. Nígbà tí etí bá ti wá rẹ̀ ẹ́, á tún yí i sókè sí i. NIOSH, àjọ tó ń ṣèwádìí nípa ìlera àwọn òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, sọ pé kí etí má gba ariwo 85 dB ju wákàtí 8 lọ lóòjọ́, àti pé gbogbo ìgbà tí ariwo bá fi 3 dB lọ sókè, kí àkókò náà dín kù sí ìdajì. Ẹni tó bá ṣe ìṣirò yẹn dé 100 dB yóò rí i pé ìṣẹ́jú 15 péré ló kù. Hẹ́dífóònù tó bá lè gbé 20 dB kúrò nínú ariwo òde á jẹ́ kí etí tó wà lábẹ́ rẹ̀ máa gbọ́ bíi 80 dB, DJ á sì lè fi fólúùmù tó mọ níwọ̀n ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láṣeyọrí. Nítorí náà, ohun tó ń jẹ́ kí iṣẹ́ mọ́ ni ohun kan náà tó ń jẹ́ kí etí dàgbà.

Hẹ́dífóònù tí ẹ̀yìn rẹ̀ dé pa ló lè ṣe èyí. Àwọn kan wà tí ẹ̀yìn wọn ní ihò wínníwínní tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá. Ohùn wọn máa ń tẹ́jú, ó máa ń dà bíi pé orin ń ti inú yàrá wá, àwọn tó ń ṣe àtúntò orin níbi tó dákẹ́ sì fẹ́ràn wọn gan-an. Ní iwájú sípíkà ńlá, ajere ni wọ́n. Ẹ̀yìn dídé nìkan kò sì tó. Fóòmù tó ń kan ẹ̀gbẹ́ orí ló ń parí iṣẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ara yípo láìsí àlàfo. Fóòmù tí wọ́n fi awọ bò máa ń dènà ariwo ju èyí tí wọ́n fi aṣọ bò lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń mú kí èèyàn làágùn. Ẹni tó ń lo awò ojú ní láti ṣọ́ra níbí: ọwọ́ awò tó gba abẹ́ fóòmù kọjá máa ń ṣí àlàfo kékeré sílẹ̀, ibẹ̀ ni béèsì máa ń gbà sá lọ, ibẹ̀ náà ni ariwo máa ń gbà wọlé. Irun tó nípọn létí máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú.

Ọ̀pọ̀ máa béèrè nípa hẹ́dífóònù abánáṣiṣẹ́ tó máa ń pa ariwo fúnra rẹ̀. Maikirofóònù kékeré inú rẹ̀ máa ń gbọ́ ariwo òde, ẹ̀rọ á wá ṣe ìgbì ohùn tó dojú kọ ọ́ kí méjèèjì lè pa ara wọn rẹ́. Ariwo tí kì í yí padà, irú ti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú, ló mọ̀ ọ́n pa jù. Orin kì í dúró lójú kan bẹ́ẹ̀. Béèsì tó ń ti sípíkà wá lè borí maikirofóònù náà, ìṣirò tí ẹ̀rọ ń ṣe sì lè yí ohùn ìlù tí DJ ń wá padà. Bátìrì sì tún wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Fóòmù tó nípọn kò ní bátìrì tó máa kú láàárín òru.

Lẹ́yìn ariwo, ohun tó kàn ni ọ̀rọ̀ etí kan. Ó ṣọ̀wọ́n kí DJ bo etí méjèèjì fún ìgbà pípẹ́. Etí kan á wà lábẹ́ hẹ́dífóònù, èkejì á ṣí sílẹ̀ fún orin òde. Ìdí nìyí tí orí hẹ́dífóònù DJ, apá tó ń bo etí, fi máa ń yí: wọ́n lè tì í sẹ́yìn etí, wọ́n lè yí i wá síwájú, wọ́n sì lè há a mọ́ àárín èjìká àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ìgbà tí èèyàn ń gba ìpè tí ọwọ́ rẹ̀ dí. Èyí tí kì í yí rárá máa ń jẹ́ kí wọ́n máa fi ipá fà á, ibi tí wọ́n bá ti ń fi ipá fà sì ni yóò ti kán.

Etí tó ṣí sílẹ̀ yẹn náà ní ìṣòro tirẹ̀. Nǹkan bíi mítà 343 ni ohùn máa ń rìn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí sípíkà ńlá bá jìnnà sí DJ ní mítà 17, ìlù tó ń dé etí rẹ̀ ti pẹ́ ní nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ǹdì 50, ìyẹn ìdá kan nínú ogún ìṣẹ́jú àáyá. Èyí tó wà nínú hẹ́dífóònù kì í pẹ́ rárá. Bí DJ bá wá ń fi èyí tó pẹ́ wọn èyí tí kò pẹ́, á rò pé ìlù méjèèjì bára mu nígbà tí wọn kò bára mu. Sípíkà kékeré tí wọ́n ń gbé sí tòsí rẹ̀ ló ń yanjú ìyẹn. Níbi tí kò bá sí, kó yí bọ́tìnnì róbótó yẹn sí àárín, kó bo etí méjèèjì, kó ṣe ìwọ̀n rẹ̀ nínú hẹ́dífóònù. Ibí yìí ni hẹ́dífóònù tó dé pa ti máa ń san owó tí wọ́n fi rà á padà.

Àwọn kan ń gbé fóòmù lé orí etí, àwọn kan ń bo gbogbo etí mọ́lẹ̀. Èyí tó bo etí máa ń rọni lọ́rùn jù fún wákàtí púpọ̀, àmọ́ ó tóbi, ó sì ń móoru. Èyí tó jókòó lórí etí fúyẹ́, ó rọrùn láti tì sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ó ní láti fún orí mọ́ra kó tó lè dènà ariwo, etí tí kò bá mọ̀ ọ́n lára á sì máa dunni. Sennheiser HD 25 tó jáde lọ́dún 1988 wà lára irú èyí. Kì í ṣe DJ ni wọ́n ṣe é fún, àwọn tó ń gba ohùn sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ ìròyìn ni. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n rẹ̀ kò ju nǹkan bíi gíráàmù 140 lọ, orí rẹ̀ kan ń yí, gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ ló sì ṣeé yọ kí wọ́n fi tuntun sí i, làwọn DJ bá sọ ọ́ di tiwọn. Ti inú ihò etí ńkọ́? Ó ń dènà ariwo dáadáa, àmọ́ yíyọ ọ̀kan àti dídá a padà ní ìgbà ogójì lóru kan máa ń sú èèyàn.

Ní ti ohùn, béèsì ló ń tan àwọn olùrà jẹ. Béèsì kò wọ́n níbi iṣẹ́ DJ: ó ń gba ilẹ̀ wá, ó ń gba egungun wá, kò sì sí fóòmù tó lè dá a dúró tán. Ohun tí etí ń wá ni ojú ìlù, ibi tí igi ti kan awọ. Ìlù ńlá inú orin ijó ní ara tó ń dún gbì, láàárín 50 sí 100 Hz (iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ó sì ní ẹnu tó ń dún tá, lókè níbi 2,000 sí 5,000 Hz. Ẹnu yẹn ló ń sọ àkókò tí ìlù bọ́ sílẹ̀ gan-an. Hẹ́dífóònù tí wọ́n ti fi béèsì kún àkúnjù máa ń jẹ́ kí gbì bo tá mọ́lẹ̀, DJ á sì máa gbọ́ pé ìlù wà láìmọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Kó má ṣàìní béèsì o, torí pé béèsì orin méjì tó ń jà gbọ́dọ̀ ṣeé gbọ́. Kí ó mọ́ ni, kó má wú.

Àwọn nọ́ńbà tó wà lára páálí kò ní iyì kan náà. Èyí tó ń sọ pé ó ń mú ohùn jáde láti 5 Hz dé 40,000 Hz, kí wọ́n fojú fò ó: láti 20 dé 20,000 ni etí èèyàn ń gbọ́, ti òkè sì ń dín kù bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ. Èyí tó yẹ kí wọ́n wò ni ohm, tí wọ́n fi ń wọn bí hẹ́dífóònù ṣe ń dènà iná. Fún àpẹẹrẹ, ilé iṣẹ́ beyerdynamic ń ta hẹ́dífóònù DT 770 Pro ní 32, 80 àti 250 ohm, ojú wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Bí míkísà bá ti iná bákan náà sínú wọn, èyí tó jẹ́ 250 á gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ agbára tí 32 ń gbà, ohùn rẹ̀ á sì lọ sílẹ̀ ní bíi 9 dB. Níbi ariwo, 9 dB kì í ṣe kékeré. Láàárín 24 sí 70 ohm ni ọ̀pọ̀ hẹ́dífóònù DJ máa ń wà. Ìyẹn ti tó.

Mílíwáàtì ńlá ńlá, ìyẹn agbára iná tí hẹ́dífóònù lè gbà, tún máa ń wu ojú. Bí hẹ́dífóònù bá ń mú 105 dB jáde láti inú mílíwáàtì 1, tí wọ́n sì kọ ọ́ sí i pé ó lè gba 1,000, ìṣirò rẹ̀ jẹ́ 135 dB. Etí á ti bàjẹ́ tipẹ́ kí hẹ́dífóònù náà tó jóná.

Bluetooth kò yẹ fún iṣẹ́ yìí. Ohùn tó ń gba ibẹ̀ kọjá sábà máa ń pẹ́ ju mílísẹ́kọ́ǹdì 100 lọ, ó sì lè tó 200. Nínú orin tó ń lu 120, mílísẹ́kọ́ǹdì 500 ló wà láàárín ìlù kan àti èkejì, nítorí náà 200 ti sún mọ́ ìdajì. Ṣe ni ó dà bíi kí DJ máa tẹ́tí sí sípíkà tó wà ní nǹkan bíi mítà 68 sí i. Àwọn hẹ́dífóònù aláìlókùn kan ti wà tó ń lo atagbà tiwọn, tí wọ́n ń kì bọ ojú ihò míkísà, ìyẹn sì ń pẹ́ díẹ̀ gan-an. Wọ́n ṣeé lò, bí ẹni tó ni ín bá lè máa rántí bátìrì méjì dípò ọ̀kan.

Okùn ni ọ̀pọ̀ ṣì ń lò. Kó jẹ́ èyí tó ń ti ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo jáde, kó má baà máa dí ọrùn. Kó sì ṣeé yọ, pẹ̀lú ohun tó ń há a mọ́lẹ̀, nítorí pé okùn ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Èyí tó wé bíi ti tẹlifóònù àtijọ́ máa ń nà tí DJ bá rìn, kì í sì í fa ilẹ̀ níbi tí wọn yóò ti tẹ̀ ẹ́. Ẹnu rẹ̀ tó jẹ́ mílímítà 6.35 ló bá ọ̀pọ̀ míkísà mu. Àtìgbà tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ so ìpè tẹlifóònù pọ̀ ni wọ́n ti ń lò ó, ó sì lágbára ju ti 3.5 lọ dáadáa.

Ibi tó dákẹ́ kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń dán irú ẹ̀rọ yìí wò. Kí wọ́n jẹ́ kí sípíkà kan máa pariwo nítòsí, kí wọ́n gbé hẹ́dífóònù sórí láì tan ohunkóhun sínú rẹ̀, kí wọ́n wá gbọ́ iye ariwo tó ṣẹ́ kù. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi orin mìíràn sínú rẹ̀ ní fólúùmù kékeré, kí wọ́n fi etí kan ṣoṣo ka ìlù rẹ̀ títí dé 16. Bí kíkà náà bá dà rú, òmíràn ni. Kí wọ́n tẹ̀ ba bíi ẹni tó ń wá àwo nínú àpótí, kí wọ́n wò ó bóyá ó máa já bọ́. Kí wọ́n sì béèrè bóyá fóòmù rẹ̀ wà lọ́tọ̀ fún títà, nítorí pé awọ rẹ̀ máa ń bó lẹ́yìn lílò pípẹ́, ibi tó bá sì ti bó ni ariwo máa tún gbà wọlé.