Páásípọ́ọ̀tù: ẹnubodè ló ń bèèrè rẹ̀, kì í ṣe ọ̀nà jíjìn

Láti Adó-Èkìtì dé Màídúgùrì ju ẹgbẹ̀rún kìlómítà lọ, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni ò ní bi yín ní páásípọ́ọ̀tù lójú ọ̀nà. Láti Ìmẹ̀kọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn dé Kétu kò jìnnà rárá, Yorùbá bíi tiwa sì ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, àmọ́ ẹ ó fi ìwé hàn kí ẹ tó wọlé, torí ilẹ̀ Benin ni Kétu wà.

Páásípọ́ọ̀tù ni ìwé tí ìjọba fi ń sọ fún ìjọba mìíràn pé, "Ọmọ wa nìyí." Nílé ara wa, a ò nílò irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ wọ bàálù láti Àkúrẹ́ lọ sí Àbújá, ohun tí wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni ìwé tó fi ẹni tó jẹ́ hàn: NIN, káàdì ìdìbò tàbí láísẹ́ǹsì awakọ̀. Páásípọ́ọ̀tù náà ṣe é lò, àmọ́ kì í ṣe dandan. Orúkọ ni kí ẹ ṣọ́. Bí NIN bá pè yín ní Olúwakẹ́mi, tí ọmọ tó bá yín ra tíkẹ́ẹ̀tì wá kọ Kẹ́mi síbẹ̀, ẹ lè dúró ṣàlàyé títí tí bàálù yóò fi gbéra. Àlejò láti òkè òkun, tí kò ní ìwé ìdánimọ̀ tiwa, páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ ni yóò máa lò káàkiri.

Bí ẹ bá gba Àkúrẹ́ dé Èkó kí ẹ tó wọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Èkó ni Ìmígíréṣọ̀n yóò ti lu òǹtẹ̀ sí páásípọ́ọ̀tù yín.

Ibi tó ti ń da èèyàn púpọ̀ rú ni Gánà, Tógò àti Benin. Wọ́n á ní, "Ṣebí ECOWAS ni wá?" Òótọ́ ni. Àdéhùn ọdún 1979 ló jẹ́ kí ọmọ ECOWAS lè lo 90 ọjọ́ ní orílẹ̀-èdè ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láìgba físà. Físà ni wọ́n yọ kúrò, wọn ò yọ ìwé ìrìnnà kúrò. Ẹ mú káàdì yẹ́lò lọ́wọ́ pẹ̀lú, ìyẹn ẹ̀rí abẹ́rẹ́ ibà pọ́njúpọ́ntọ̀. Ẹ má sì gbọ́ ti awakọ̀ tó bá ní, "Màá bá yín sọ ọ́ ní Sẹ̀mẹ̀." Òun á ti padà sí Èkó lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀yin lẹ ó wà ní Kútọnu láìníwèé.

Ẹ ṣí ojú ewé tí fọ́tò yín wà, kí ẹ wo ọjọ́ tí páásípọ́ọ̀tù náà yóò parí. Orílẹ̀-èdè púpọ̀ ló fẹ́ kó ṣẹ́ ku oṣù mẹ́fà ó kéré tán, ilé iṣẹ́ bàálù sì lè dá yín padà ní káńtà. Nítorí náà, páásípọ́ọ̀tù ọdún márùn-ún, bí ọdún mẹ́rin àbọ̀ ni ẹ ó fi jẹ̀gbádùn rẹ̀. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ₦100,000 ni olójú ewé 32 tó ń lo ọdún márùn-ún, ₦200,000 sì ni olójú ewé 64 tó ń lo ọdún mẹ́wàá.

Ọmọ ọwọ́ gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà àṣẹ òbí. NIN rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà, torí láìsí i, fọ́ọ̀mù ò ní lọ.