Kò tíì gbó, ẹ má tíì tà á

Ẹni tó bá gbé laptop wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ọyẹ́mẹ́kùn, Àkúrẹ́, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ: "Ọ̀gá, ó ti gbó, ẹ bá mi tà á." Tí mo bá tú ìdí rẹ̀, hard disk oníyíyí, ibi tí fáìlì ń gbé, ni mo máa ń bá níbẹ̀. Òun ló ń mú kó falẹ̀. Ẹ fi SSD, disk tí kò ní ohun tó ń yí nínú, tó sì yára jù ú lọ, rọ́pò rẹ̀, ẹ ò ní nílò owó tí ẹ fẹ́ lọ yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ra tuntun.

Ẹ lè ṣe é fúnra yín, skúrù ṣá ni. Ti RAM, ìyẹn ìrántí tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ló ń fẹ́ àkíyèsí. DDR3, irú RAM àtijọ́, ò lè wọ ojú DDR4, èyí tó tẹ̀lé e, láé. Ibi tí wọ́n gé létí wọn ò dọ́gba, ẹ má fi tipá tì í. Laptop mìíràn, DDR3L, irú DDR3 tó ń lo iná kékeré, oní 1.35 volt, ló ń gbà. Òmíràn, wọ́n ti jó RAM mọ́ bọ́ọ̀dù, kò sí ojú tí ẹ máa ki tuntun bọ̀.

Ẹ yé gbọ́ ti àwọn tó jẹ́ pé format, ìyẹn kí wọ́n nu gbogbo ohun tó wà lórí disk, ni oògùn gbogbo àìsàn lọ́wọ́ wọn. Disk tó ń kú lọ, wọ́n á ní vírọ́ọ̀sì ni, wọ́n á gbowó. Àwa tí a kọ́ṣẹ́ yìí kúnnú, a máa ń yẹ disk wò ká tó fọwọ́ kàn án.

Èyí tó ń dùn mí jù ni SSD ayédèrú. Wọ́n á kọ 2TB sí i lára, owó rẹ̀ á sì wálẹ̀ gan-an. Káàdì mẹ́mọ́rì kékeré ni wọ́n lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, wọ́n wá kọ́ ọ kó máa parọ́ ìwọ̀n fún kọ̀ǹpútà. Tí àyè tòótọ́ bá ti kún, orúkọ fáìlì á ṣì máa hàn, ṣùgbọ́n òfìfo ló wà nínú wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA kan kó gbogbo iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ sórí irú rẹ̀ kó lè pààrọ̀ disk, ó sì ta disk àtijọ́ lọ́jọ́ kejì. Mo wá iṣẹ́ náà títí, mi ò rí i yọ. Ọmọ tó mọ skúrù tú dáadáa ni o!

Ẹ fi H2testw, ètò Windows tó ń yẹ ìwọ̀n disk wò, dán SSD wò kí ẹ tó kó ohunkóhun sí i. Ọ̀fẹ́ ni. Á kọ nǹkan kún un tẹ́nutẹ́nu, á sì kà á padà. Ó lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí, ẹ jẹ́ kó parí. Disk àtijọ́ ńkọ́? Ẹ fi pamọ́ títí ẹ ó fi ṣí gbogbo fáìlì yín wò lórí tuntun.