Quartz Ni Tàbí Automatic? Ẹ Kọ́kọ́ Ka Iye Ọjọ́ Tí Ẹ Máa Wọ̀ Ọ́

Ọjọ́ mélòó lọ́sẹ̀ lẹ máa wọ̀ ọ́? Ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ máa ń bi ẹni tó bá fẹ́ ra aago ọwọ́ olówó ńlá nìyẹn, kí n tó gbọ́ orúkọ ilé iṣẹ́ tó fẹ́, kí n tó mọ iye tó mú dání. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ti gbọ́ níta ni pé automatic, èyí tí ìrìn apá ẹni tó wọ̀ ọ́ ń fún lágbára, ni ojúlówó aago, pé quartz, èyí tó ń lo bátìrì, wà fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tó. Iṣẹ́ mi ni láti máa ṣí ìdí àwọn méjèèjì, mi ò sì gbà bẹ́ẹ̀ rárá.

Nínú aago quartz, òkúta tíńtín kan wà tí wọ́n gé bí àmúga oníka méjì. Bí iná bátìrì bá ti dé ara rẹ̀, gbígbọ̀n ló máa ń gbọ̀n, ìgbà 32,768 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ kékeré kan ń ka ìgbọ̀n yẹn. Tó bá ti pé, á ní kí ọwọ́ aago sún lẹ́ẹ̀kan. Ọdún 1969 ni Seiko gbé Astron jáde, aago ọwọ́ quartz àkọ́kọ́ tí wọ́n tà fún aráyé. Títí di òní, quartz lásán kì í sábà ṣì ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 15 lọ lóṣù. Àwọn tó péye ju bẹ́ẹ̀ lọ náà wà: ẹ̀rọ 9F ti Grand Seiko kì í ṣì ju ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ lọ́dún kan gbáko.

Automatic kò ní bátìrì. Sípíríìngì kan tí wọ́n ká sínú rẹ̀ ló ń fún un lágbára, irin wúwo kan tó rí bí ààbọ̀ òṣùpá ló sì ń yí i bí apá yín ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ti òde òní ń lù ní ìgbà 28,800 ní wákàtí kan, ìyẹn ìgbà 8 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ fi 8 yẹn wé 32,768 ti quartz. Àwọn tó ń dán aago wò ní Switzerland, COSC, gbà kí automatic tí wọ́n máa fún ní ìwé ẹ̀rí fi ìṣẹ́jú àáyá 6 sáré tàbí kó fi 4 fà sẹ́yìn lóòjọ́. Ohun tí quartz fi oṣù kan ṣì, aago tó gba ìwé ẹ̀rí lè fi ọjọ́ mẹ́ta ṣì í. Tó bá jẹ́ pé àkókò tó péye nìkan lẹ ń wá, ẹ má wulẹ̀ wo automatic.

Kí ló dé tí èmi fúnra mi ṣì ń wọ automatic? Nítorí pé irin ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, irin sì ṣeé tún ṣe. Aago tó ti lo àádọ́ta ọdún máa ń dé orí tábìlì mi. Mo tú u palẹ̀, mo fọ̀ ọ́, mo kán epo sí i, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Inú mi máa ń dùn nígbà tó bá kọ́kọ́ lù, kò tíì sú mi rí. Quartz àtijọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí pátákó iná inú rẹ̀ bá jó, tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kò sì ṣe irú rẹ̀ mọ́, àfi ká pààrọ̀ gbogbo inú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n automatic fẹ́ ọwọ́. Ẹ bọ́ ọ kalẹ̀, á lo nǹkan bí wákàtí 40, àwọn tuntun kan á lo 70 tàbí 80, lẹ́yìn náà á dúró. Ẹni tó bọ́ tirẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Friday lè bá a ní òkú láàárọ̀ Monday. Ó di kó máa yí wákàtí, kó máa yí ọjọ́. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń bà á jẹ́: láti nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ sí aago mẹ́ta òru, eyín àwọn kẹ̀kẹ́ tó ń yí déètì ti wọnú ara wọn, bí ẹ bá wá fi ipá yí déètì lásìkò yẹn, eyín lè kán. Ẹ kọ́kọ́ yí ọwọ́ aago kúrò níbẹ̀. Nítorí náà, tó bá jẹ́ aago kan ṣoṣo lẹ ní, tí kì í kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ ra automatic. Tí ẹ bá ní mẹ́ta tí ẹ ń wọ̀ ní ìgbà-dé-ìgbà, tàbí tó jẹ́ òde nìkan lẹ máa wọ̀ ọ́ lọ, quartz ló yẹ yín. Ẹni tó ń lo òòlù tàbí ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n apá níbi iṣẹ́, quartz ni mo máa ní kó rà, ì báà wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́.

Ẹ ro ti ìtọ́jú mọ́ owó tí ẹ fẹ́ ná. Epo inú automatic máa ń gbẹ. Láàárín ọdún 5 sí 10 ó yẹ kí wọ́n tú u, owó rẹ̀ kì í sì í kéré. Bí tiyín bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í sáré gan-an, òòfà inú sípíkà tàbí ìdè báàgì ló sábà máa ń fà á. Ìyẹn kò le, a máa ń mú un kúrò kíákíá.

Bátìrì quartz máa ń lo ọdún 2 tàbí 3. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé tó bá ti kú, ẹ yọ ọ́, kódà tí ẹ kò bá tíì fẹ́ fi òmíràn sí i. Obìnrin kan gbé aago ìyá rẹ̀ tó ti dolóògbé wá, ó fi aṣọ wé e sínú àpótí bí ẹni tọ́jú ẹyin. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, bátìrì lásán ni." Nígbà tí mo ṣí ìdí rẹ̀, omi bátìrì ti jẹ pátákó iná náà, ó ti di àwọ̀ ewé. Ó ṣojú rẹ̀, omi sì lé ròrò sí i lójú. Odindi ẹ̀rọ tuntun la wá fi síbẹ̀. Ojú aago náà, ọwọ́ rẹ̀ àti gíláàsì tó ti ha yẹn ṣì jẹ́ ti ìyá rẹ̀. Ó ní kí n má fọwọ́ kan gíláàsì náà.