Ìtọ́jú igi àti igbó ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ìtọ́jú igi àti igbó ni gbogbo iṣẹ́ tí à ń ṣe kí igi lè dàgbà dáadáa, kí ó pẹ́ láyé, kí ó má sì ṣe ènìyàn ní jàǹbá. Lára rẹ̀ ni gbígbìn, rírẹ́ ẹ̀ka, gígé àfòmọ́, lílà ọ̀nà tí kò ní jẹ́ kí iná ìgbẹ́ wọlé, àti gígé igi tó ti tó gé. Ilẹ̀ igbó ni Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ìrókò, arère, àfàrà, ọ̀gànwó, ọ̀mọ̀ àti àràbà wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn àgbẹ̀ sì fi obì, kòkó àti ọ̀pẹ kún un. Àgbàlá ilé, oko obì àti igbó ìjọba ni iṣẹ́ yìí ti ṣe kókó jù.

Rírẹ́ ẹ̀ka

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ènìyàn gbé àdá, kí ó máa ṣá ẹ̀ka láti òkè títí yóò fi ya. Ẹ̀ka tó wúwo kì í dúró de àdá. Bí wọ́n bá ti gé e dé ìdajì, yóò ya, yóò sì bó èèpo ara igi lọ sísàlẹ̀. Ayùn ló yẹ iṣẹ́ yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta la sì ń gé e. A ó kọ́kọ́ fi ayùn gé ẹ̀ka náà díẹ̀ láti abẹ́, ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan sí ara igi. Lẹ́yìn èyí, a ó sún síwájú díẹ̀, a ó gé e láti òkè títí yóò fi já. Kùkùté kékeré tó bá kù la ó wá gé kúrò níkẹyìn, ìgbà yìí kò sì ní ìwúwo tó lè fa èèpo ya mọ́.

Ibi tí a ó ti gé ti ìkẹyìn yìí ló gba ọgbọ́n. Bí a bá wo ìdí ẹ̀ka dáadáa, a ó rí i pé ara igi wú díẹ̀ yí i ká, èèpo ibẹ̀ á sì hunjọ. Ibi tó wú yẹn ni igi ti ń mú èèpo tuntun jáde láti fi bo ojú ọgbẹ́. Ẹni tó bá gé e kúrò mọ́ ara igi ti gba ohun tí igi ì bá fi ṣe ara rẹ̀ lóore. Ẹni tó bá sì fi kùkùté gígùn sílẹ̀, kùkùté náà yóò jẹrà, ìjẹrà náà yóò sì wọ inú igi lọ. Alex Shigo, onímọ̀ àrùn igi ará Amẹ́ríkà, la ọ̀pọ̀lọpọ̀ igi wò. Ní 1977, ó gbé àlàyé jáde pé ọgbẹ́ igi kì í jinná bíi ti ẹran ara: igi á dínà mọ́ ibi tó ti bàjẹ́, á sì máa dàgbà bò ó. Ọ̀dà tàbí ọ́ìlì ẹńjìnnì tí àwọn kan ń kùn sójú ọgbẹ́ kì í dí ìjẹrà lọ́wọ́.

Gígé orí màǹgòrò tàbí igi fúrúùtù kúrò pátápátá nítorí ìbẹ̀rù ìjì kò dára rárá. Ọ̀mùnú tó bá yọ lójú ibi tí a gé kì í fi ìdí múlẹ̀ nínú igi, ẹ̀gbẹ́ ìta ló ń dì mọ́. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, àwọn ẹ̀ka tuntun wọ̀nyí yóò wúwo, ìjì yóò sì tètè já wọn ju àwọn ti àtijọ́ lọ. Ó sàn kí a dín ẹ̀ka tó pọ̀ jù kù, kí a sì gé èyí tó ti kú. Ọwọ́ ẹ̀rùn ló dára jù fún un, kí ìjì oṣù kẹta àti oṣù kẹrin tó dé. Kí ẹnikẹ́ni tó gun igi, ó yẹ kí ó fi ẹ̀yìn àdá lu ìdí rẹ̀: igi tó ti ní ihò nínú yóò dún gbọ̀ngbọ̀n. Olú tó bá ń hù ní ìdí igi jẹ́ àmì pé gbòǹgbò tàbí inú igi ti ń rà. Igi tó bá ti kan wáyà iná kì í ṣe ti alágbàlá láti gé. Àwọn òṣìṣẹ́ iná mànàmáná ló gbọ́dọ̀ pa iná náà ná.

Bí ìjì bá ti wó igi, òwe tí àwọn àgbà ń pa jẹ́ òfin iṣẹ́ gan-an: bí igi bá wó lu igi, ti òkè là ń kọ́kọ́ gbé kúrò. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lè mú kí gbogbo rẹ̀ yí lù ú. Ẹ̀ka tí igi mìíràn tẹ̀ mọ́lẹ̀ náà léwu, nítorí bí ayùn bá kàn án, ó lè ta padà kí ó sì gbá ènìyàn.

Àfòmọ́ nínú oko obì

Obì gbànja, tó ní awẹ́ méjì, ni igi owó ní Rẹ́mọ. Ṣàgámù jẹ́ ojúkò òwò rẹ̀, láti ibẹ̀ sì ni àwọn oníṣòwò Hausa ti Sábó ti ń kó o lọ sí òkè Ọya. Ọ̀pọ̀ oko obì níbẹ̀ ti gbó, ẹ̀ka ti wọ inú ẹ̀ka, oòrùn kò sì wọlé mọ́. Àfòmọ́ ń bà wọ́n jẹ́ púpọ̀. Ẹyẹ á jẹ èso rẹ̀, kóró inú rẹ̀ tó ń lẹ̀ bí àtè á dì mọ́ ẹ̀ka, yóò hù síbẹ̀, yóò sì ki ẹsẹ̀ bọ inú igi láti máa fa omi mu. Díẹ̀díẹ̀, ẹ̀ka obì tó wà níwájú rẹ̀ á máa gbẹ.

Wíwọ́ ewé àfòmọ́ nìkan kò tó, nítorí ohun tó wọ inú igi ṣì wà níbẹ̀, yóò sì tún hù. Ẹ̀ka náà ni a ó gé, ní bí ẹsẹ̀ bàtà kan sí ẹ̀yìn ibi tí àfòmọ́ ti dì mọ́ ọn, kí èso àfòmọ́ tó pọ́n. Àwọn òdòdó pupa rẹ̀ ni a fi ń dá a mọ̀ láti ìsàlẹ̀. Bí oko kan bá ṣe é tí ti ẹnìkejì kò ṣe é, ẹyẹ yóò tún kó o padà, nítorí náà ó dára kí àwọn olóko tó bá pààlà jọ ṣe é ní àsìkò kan náà. Àwọn elewé ọmọ ń ra àfòmọ́ obì fún àgbo, ìyẹn sì lè gbé owó iṣẹ́ díẹ̀.

Gbígbìn

Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni wọ́n ń gbé ọmọ igi láti inú nailọ́n sí ilẹ̀. Gmelina àti tíìkì, igi méjì tí wọ́n mú wá láti Éṣíà, rọrùn, wọ́n sì ń hù padà láti kùkùté. Ìrókò ló ṣòro jù: kòkòrò kékeré tí à ń pè ní Phytolyma máa ń jẹ́ kí kókó yọ lára ewé àti ọ̀mùnú rẹ̀, orí rẹ̀ á sì kú. Ìdí nìyí tí oko ìrókò nìkan fi ṣọ̀wọ́n. Ọyẹ́ ni ọ̀tá tó kù. Kí ó tó dé, a gbọ́dọ̀ ro àyíká oko igi mọ́ lálàjá, kí iná ìgbẹ́ má bàa wọlé.

Igbó Ọmọ

Igbó Ọmọ, tó wà ní ìlà-oòrùn Ìjẹ̀bú, fẹ̀ tó 130,500 hẹ́kítà. 1925 ni ìjọba sọ ọ́ di igbó tí a fi òfin dáàbò bò. Ní 1977, UNESCO, àjọ àgbáyé fún ẹ̀kọ́, sáyẹ́ǹsì àti àṣà, kọ ọ́ sínú àkójọ àwọn igbó àgbáyé tí ènìyàn àti ẹ̀dá jọ ń gbé. Hẹ́kítà 460 nínú rẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ gé igi rárá, erin sì wà nínú igbó náà. Wọ́n gbin Gmelina lọ́pọ̀lọpọ̀ síbẹ̀ nítorí ilé-iṣẹ́ bébà Ìwópìn, àmọ́ ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló di pákó ní sọ́míìlì. Oko kòkó tí àwọn ènìyàn ń dá wọ inú igbó náà ń jẹ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Láti 1944, àwọn onímọ̀ igbó ní Nàìjíríà dán ọ̀nà kan wò: wọ́n ń gé àjàrà, ìyẹn ìtàkùn tó ń gun igi, wọ́n sì ń fi májèlé pa igi tí kò níye lórí, kí oòrùn lè kan ọmọ igi gẹdú. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n ṣí sílẹ̀ ni àjàrà fi gbilẹ̀. Nígbà tí àwọn ọdún 1960 fi ń parí, wọ́n ti pa ọ̀nà náà tì, wọ́n sì yí padà sí gbígbin igi.

Gígé àjàrà ní oṣù mélòó kan ṣáájú kí a tó gé igi gẹdú ṣì wúlò, nítorí àjàrà máa ń so orí igi pọ̀, igi kan á sì fa òmíràn lulẹ̀. Ní ọjọ́ iṣẹ́, agégẹdú á la ẹnu sí ìdí igi ní ìhà tó fẹ́ kí ó wó sí, tó ìdá kan nínú mẹ́rin ìbú rẹ̀. Yóò wá gé e láti ẹ̀yìn, díẹ̀ lókè ẹnu náà, yóò sì fi díẹ̀ sílẹ̀ láàárín tí kò ní gé. Ibẹ̀ ló ń darí igi bí ó ti ń wó. Ẹni tó bá gé e já pátápátá kò ní agbára lórí ibi tí igi ń lọ mọ́. Nínú igbó ìjọba, a kì í gé igi láìgba ìwé àṣẹ, òǹtẹ̀ òòlù tí òṣìṣẹ́ igbó bá sì lù sára kùkùté àti gẹdú ni ẹ̀rí pé a gé e lọ́nà òfin.