Ta ló sọ pé ọmọ yẹn ò léegun?

Ọjọ́ Fráídé ni, 9 oṣù kẹjọ 2024, ọ̀sán, iná wà (ẹ bá mi dúpẹ́), Òlíńpíìkì Paris là ń wò ní pálọ̀, eré rhythmic gymnastics, ìyẹn jimínásíìkì tí wọ́n ń fi nǹkan bíi bọ́ọ̀lù tàbí rìbọ́ọ̀nù ṣe. Ọmọbìnrin kan bọ́ sójú kápẹ́ẹ̀tì, ó gbé ẹsẹ̀ kan látẹ̀yìn, ẹsẹ̀ yẹn ń gòkè títí ó fi kan orí ẹ̀, ó wá ń fi ìka ẹsẹ̀ kejì pòòyì bí òkòtó. Àǹtí mi tí wọ́n ń já ewédú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi dáwọ́ dúró. "Yéè! Eléyìí ò léegun o."

Bọ̀ọ̀dá kan tí wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà ò tiẹ̀ jẹ́ kí n fèsì. Wọ́n ní ṣé a ò mọ̀ ni, ọ̀rá òjòlá ni wọ́n fi ń pa wọ́n lára láti ìkókó, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ká bí ẹní.

Mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí àwọn olókìtì bá wá ṣeré, tí ọmọ kan bá ti lè ki orí bọ abẹ́ itan ara ẹ̀, ẹ máa gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà pé wọ́n ti yọ eegun ẹ̀. Ní báyìí tí fídíò àwọn ọmọ rhythmic gymnastics wá ń káàkiri WhatsApp, ọ̀rọ̀ náà tún ti jí. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé òdìkejì ẹ̀ gan-an ló ń ṣẹlẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ ro ó wò ná. Ẹni tó fi ìka ẹsẹ̀ kan gbé gbogbo ara dúró, kí ló fi gbé e? Ẹja tí wọ́n ti yọ eegun ẹ̀, ṣé ẹ ti rí i tó dìde rí? Pẹlẹbẹ ló máa ń sùn sínú àwo. Àgbàlagbà ní eegun 206, ọmọ tuntun tiẹ̀ ní tó 300 torí pé àwọn kan ò tíì so pọ̀ mọ́ra wọn, àwọn ọmọ eléré yìí náà sì ní tiwọn pé, kò sẹ́ni tó mú ọ̀kankan kúrò ńbẹ̀. Eegun kì í ká rárá. Oríkèé ló ń ká, iṣan ló sì ń pinnu ibi tí oríkèé máa ká dé.

Ẹ dìde dúró báyìí, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ fọwọ́ kan ìka ẹsẹ̀ yín láì ká orúnkún. Nǹkan kan ń fà yín lẹ́yìn orúnkún àti lábẹ́ itan àbí? Iṣan nìyẹn. Ọpọlọ yín ló ń sọ fún un pé ó tó, má lọ síwájú mọ́. Tí ẹ bá wá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ fún oṣù mélòó kan, ẹ máa rí i pé ọwọ́ ń sún mọ́ ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ohun tó sì yí padà jù ni pé ara ti mọ̀ pé ibẹ̀ ò léwu, kò yára pariwo mọ́. Ìyẹn láàárín oṣù mélòó kan o, ọmọ tó wá bẹ̀rẹ̀ ní kékeré, nígbà tí ara ṣì rọ̀, tó ń ṣe é wákàtí púpọ̀ lójúmọ́ fún ọdún mẹ́wàá, ẹ̀yin náà ẹ ṣírò ẹ̀.

Ti ọ̀rá òjòlá, orí awọ ló máa ń pin sí. Tó bá sì jẹ́ nínà ọmọ ló ń ṣe é, èwo nínú wa ni ìyá àgbà ò nà nígbà tí wọ́n ń wẹ̀ wá? Wọ́n fa apá, wọ́n ká ẹsẹ̀ mọ́ ikùn, wọ́n gbá wa lápá méjèèjì gbé sókè, wọ́n fi òrí pa gbogbo oríkèé. Èmi tí wọ́n nà tó báyẹn, lónìí tí mo bá bẹ̀rẹ̀ mú bàtà, ẹ̀yìn mi á ké.

Mi ò sọ pé àbímọ́ni ò sí ńbẹ̀ o. Àwọn kan wà tí wọ́n bí pẹ̀lú oríkèé tó rọ̀, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti bá irú wọn pàdé ní kíláàsì, àwọn tó ń tẹ àtàǹpàkò wọn kan apá. Ṣùgbọ́n níbo ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà lónìí? Wọ́n ń ta kádì, wọ́n ń wa mọ́tò. Rírọ̀ ò ní kéèyàn gba góòlù.

Ẹni tó fìyẹn hàn wá ni Alina Kabaeva, ọmọ Rọ́ṣíà tí wọ́n bí ní Tashkent ní 1983. Ó ti gba góòlù àgbáyé ní 1999. Bí ara obìnrin yẹn ṣe rọ̀ tó, àwọn èèyàn ṣì ń sọ ọ́ dòní, ẹ̀yìn ẹ̀ máa ń tẹ̀ débi pé ẹ ò ní mọ èwo ni iwájú. Wọ́n dé Òlíńpíìkì Sydney ní 2000, ọmọ ọdún 17 ni, gbogbo ayé ti gbé góòlù fún un tán lẹ́nu. Húùpù, ìyẹn òrùka ńlá tí wọ́n fi ń ṣeré, bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó ń yí lọ, ó yí jáde kúrò lórí kápẹ́ẹ̀tì, ọmọ ń sá tẹ̀lé e. Ó parí sí bróǹsì. Yulia Barsukova gba góòlù, Yulia Raskina ti Belarus gba sílífà. Ohun tó wà láàárín góòlù àti bróǹsì lọ́jọ́ yẹn kò ju pọ́ìntì 0.166 lọ. Ara ẹ̀ ò le lọ́jọ́ yẹn o, bí ó ṣe ń rọ̀ tẹ́lẹ̀ ló ṣe rọ̀, ọwọ́ ló já a kulẹ̀. Ó padà wá gbà á ní Athens ní 2004.

Ohun tí àwọn tó ń sọ ọ̀rọ̀ eegun kì í wò nìyẹn: ọwọ́. Ojú wọn ti lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ tó kan orí. Kápẹ́ẹ̀tì yẹn, mítà 13 ní gígùn, 13 ní ìbú, tó o bá ti tẹ ìta ìlà, wọ́n á yọ 0.30. Eré kan ò ju ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀ lọ. Húùpù ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀kan, bọ́ọ̀lù ìkejì, igi méjì tó dà bí ọmọ odó kékeré ìkẹta, rìbọ́ọ̀nù ìkẹrin, rìbọ́ọ̀nù ọ̀hún sì gùn tó mítà 6, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má wúwo rárá, atẹ́gùn kékeré láti inú AC lè kó bá a, tó bá lọ́ pọ̀ báyìí o ti wọ gbèsè. Wọ́n á sọ nǹkan yẹn sókè fíofío, kó tó balẹ̀ wọ́n gbọ́dọ̀ ti tàkìtì tàbí yí po ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mejì, kí wọ́n wá mú un, nígbà míì ẹ̀yìn ni wọ́n ti máa mú un, nígbà míì abẹ́ ẹsẹ̀, láì wo ibi tó ń bọ̀. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ pẹ̀lú ọsàn kan nínú yàrá yín, kẹ́ ẹ kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sí mi.

Tó bá jábọ́, ó kéré tán wọ́n á yọ ìdajì pọ́ìntì, tó bá wá jìnnà tó o ní láti sáré lọ mú un, pọ́ìntì kan gbáko. Ní Òlíńpíìkì Tokyo, Linoy Ashram ti Ísírẹ́lì jẹ́ kí rìbọ́ọ̀nù bọ́ ó sì ṣì gba góòlù, torí pé ohun tó kó sínú eré ẹ̀ le gan-an, ṣùgbọ́n 0.150 péré ló fi ju Dina Averina lọ.

Ká padà sọ́dọ̀ ọmọ tá à ń wò lọ́jọ́ Fráídé yẹn. Darja Varfolomeev lorúkọ ẹ̀, Jámánì ló ń ṣe é fún. Barnaul ní Siberia ni wọ́n bí i sí, ní 2006, ìyá ẹ̀ náà ti ṣe eré yìí rí. Ọmọ ọdún 12 ló fi ilé sílẹ̀ lọ sí Jámánì, òun nìkan, àwọn òbí ẹ̀ ò tíì wá, ó lọ ń kọ́ṣẹ́ ní Schmiden lẹ́bàá Stuttgart. Ẹ mọ kóòṣì ẹ̀? Yulia Raskina yẹn, ẹni tó gba sílífà ní Sydney lọ́jọ́ tí húùpù Kabaeva yí jáde. (Ara mi bù máṣọ nígbà tí mo mọ̀.) Ní 2022 ní Sofia, ọmọ ọdún 15, ó gba góòlù àgbáyé pẹ̀lú igi méjì yẹn, ó sì ṣe ipò kejì nínú àpapọ̀ eré mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Sofia Raffaeli ti Ítálì ló borí ẹ̀ níbẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ní Valencia, góòlù 5 ló wà nílẹ̀ fún ẹni tó ń dá ṣeré, márààrún ló kó. Ẹyọ kan ò bọ́. Ní Paris ó gba 142.850, Boryana Kaleyn ti Bùlùgéríà gba 140.600, Raffaeli gba 136.300. Jámánì ò gba góòlù Òlíńpíìkì nínú eré yìí rí kó tó dọjọ́ náà. Ní 2025 ó tún lọ gba ti àgbáyé ní Rio de Janeiro.

Ọmọ tó fi ìyá àti bàbá sílẹ̀ lọ́mọ ọdún 12, ẹ wá ń sọ pé ejò ló bá a ṣe é. Ó ń dùn mí, kí n má purọ́.

Ohun kan ṣì wà níbẹ̀. Ẹ lọ bi àwọn dókítà tó ń tọ́jú eléré ìdárayá, wọ́n á sọ fún yín pé ọ̀kan lára ìṣòro tó ń bá àwọn ọmọ jimínásíìkì fínra ni eegun ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ tó máa ń sán wínníwínní, torí títẹ̀ sẹ́yìn léraléra bí ẹni ń tẹ wáyà, tí wọ́n á ní kí ọmọ sinmi fún ọ̀pọ̀ oṣù. Tí ò bá léegun, kí ló wá sán?

Gbogbo èyí ni mo là sílẹ̀ fún Àǹtí lọ́jọ́ yẹn. Mo tiẹ̀ wá fídíò Sydney jáde lórí fóònù mi, mo gbé e sí wọn lójú, húùpù ń yí lọ, Kabaeva ń sá tẹ̀lé e. Wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n mi orí.

"Ọ̀rá yẹn ti gbẹ lára ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ni," wọ́n sì padà sídìí ewédú wọn.