Saffron Walden dà? Ẹkùn ìdìbò tí Kemi Badenoch ti kọ́kọ́ wọlé

Nígbà tí Kemi Badenoch di olórí ẹgbẹ́ Conservative ní Britain ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, àwọn kan pè é ní aṣòfin Saffron Walden, ní Essex ní England, àwọn mìíràn ní North West Essex ló ń ṣojú fún. Ni ọ̀rọ̀ bá di rúdurùdu.

Ṣé ó fìdí rẹmi ní Saffron Walden ni?
Rárá o.

Kí ló wá dé tí ẹkùn náà kò sí mọ́?
Èrò ibẹ̀ ló pọ̀ jù. Yàtọ̀ sí àwọn erékùṣù díẹ̀, olùdìbò ẹkùn kan kò gbọdọ̀ dín ní 69,724, kò sì gbọdọ̀ ju 77,062 lọ. Saffron Walden ti lé ní 80,000. Wọ́n yọ àwọn abúlé kan lápá Chelmsford fún àwọn ẹkùn tó múlé tì í, wọ́n sì sọ èyí tó kù ní North West Essex. Ìbò oṣù Keje ọdún 2024 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Irú ibo ni?
Ilẹ̀ oko ni, pẹ̀lú àwọn ìlú kéékèèké. Ẹni tó bá ti bá bàálù balẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú Stansted ti tẹ ilẹ̀ ibẹ̀ rí. Òdòdó saffron ló fún ìlú Saffron Walden lórúkọ: fọ́nrán pupa mẹ́ta péré ló wà nínú òdòdó kan, ọwọ́ ni wọ́n fi ń já a, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á fi pa aṣọ láró, wọ́n á fi se oúnjẹ, wọ́n á fi ṣe oògùn.

Ọdún 1885 ni wọ́n dá ẹkùn náà sílẹ̀. Láti 1929 títí di 2024, ẹni mẹ́rin péré ló ṣojú rẹ̀. Rab Butler lo ọdún 36. Òun ló ṣe òfin ẹ̀kọ́ ọdún 1944, tó mú kí ọmọ tálákà lọ sílé ìwé girama ìjọba lọ́fẹ̀ẹ́ ní England àti Wales. Lẹ́ẹ̀mejì, ní 1957 àti 1963, ni wọ́n rò pé òun ni yóò di olóòtú ìjọba. Ẹlòmíràn ni wọ́n mú. Peter Kirk tẹ̀ lé e ní 1965, ó sì kú sórí àga náà ní 1977. Alan Haselhurst lo bíi 40 ọdún. Àga yìí ni Kemi, ọmọ Adégòkè, jókòó sí ní 2017, ó sì dùn mí pé àwọn tó ń ròyìn rẹ̀ kì í sọ ìtàn yìí.

Ṣé àga náà ṣì dá a lójú?
Kò dá a lójú bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìbò 27,594 ló fi ṣíwájú ní 2019. 2,610 péré ni ní 2024, torí ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣubú káàkiri Britain.

Bí wọ́n bá yí ẹkùn tèmi ní Britain padà, ṣé ìbò mi á sọnù?
Kò ní sọnù. Orúkọ yín á bá àdírẹ́sì yín lọ sí ẹkùn tuntun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kó kúrò nílé kan sí òmíràn ló gbọ́dọ̀ tún orúkọ fi sílẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà tó ní ìwé ìgbélùú, tó sì ti pé ọdún 18, lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò yìí. Ẹ mú páásípọ́ọ̀tù yín dání lọ́jọ́ ìbò. Wọ́n ń gba ti Nàìjíríà.