Káàdì Àwìn Iléeṣẹ́ Ọkọ̀ Òfurufú: Kí Ni Máìlì, Ta Ni Ó sì Yẹ Kó Gbà Á?

Airline credit card ni káàdì àwìn tí báńkì kan àti iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kan pawọ́ pọ̀ gbé jáde. Báńkì ni ó ń bá wa sanwó níbi tí a bá ti rajà láwìn, òun náà ni ó sì ń gba gbèsè rẹ̀ lóṣooṣù. Iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ní tirẹ̀ ni ó ń fi èènì sí ọjà náà, èènì yìí, tí a lè fi gba tíkẹ́ẹ̀tì, ni a sì ń pè ní máìlì. Ní Amẹ́ríkà, American Express ni ó ń gbé ti Delta jáde, Chase sì ni ti United.

Orúkọ máìlì yìí lè ṣini lọ́nà. Nígbà tí American Airlines dá ètò AAdvantage sílẹ̀ ní 1981, bí ọ̀nà tí èèyàn fò bá ṣe jìn tó ni èènì rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Láti 2015, Delta àti United ti yí i padà, iye dọ́là tí a san fún tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń wò. Máìlì ti di owó kan tí iléeṣẹ́ kan ṣoṣo ń ṣe, tí ó sì lè dín agbára rẹ̀ kù nígbàkúùgbà tí ó bá wù ú, ìdí sì nìyí tí n kò fi gbà pé ó yẹ kí a máa tò ó jọ fún ọdún gbọọrọ láìná an.

Kò ṣòro láti wọn agbára rẹ̀. Ẹ wo iye tí tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́, ẹ yọ owó orí tí ẹ óò ṣì san bí ẹ bá fi máìlì gbà á, kí ẹ wá fi iye máìlì tí wọ́n béèrè pín èyí tó kù. Ká ní tíkẹ́ẹ̀tì kan jẹ́ dọ́là 1,200, tàbí máìlì 80,000 pẹ̀lú owó orí dọ́là 200: dọ́là 1,000 ni máìlì 80,000 yẹn rà, ìyẹn ni pé máìlì kan jẹ́ sẹ́ǹtì kan àti ìdámẹ́rin.

Ìṣirò yìí kan náà ni ó ń fi ewu káàdì náà hàn. Ẹni tí ó ra ọjà dọ́là 1,000, tí wọ́n sì fún un ní máìlì kan lórí dọ́là kọ̀ọ̀kan, rí èènì tí kò ju dọ́là 12 àti ààbọ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ kí gbèsè náà sùn di oṣù kejì ní èlé ìdá 20 nínú 100 lọ́dún, èlé oṣù kan ṣoṣo yóò lé ní dọ́là 16. Èènì ti lọ, gbèsè ṣì wà nílẹ̀. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí àwọn èèyàn wa tí wọ́n ń ka máìlì bí ẹni ka èrè, nígbà tí èlé ń jẹ owó oṣù wọn. Ẹni tí kì í san gbèsè oṣù tán kò tíì nílò káàdì yìí.

Ẹni tí ń san án tán, pápákọ̀ tó sún mọ́ ilé rẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ wò, kì í ṣe èènì ńlá tí wọ́n fi ń fa oníbàárà tuntun. Delta ló bá ará Atlanta mu, nítorí ó ń fò tààrà láti ibẹ̀ lọ sí Èkó. United ló bá ará Washington mu, láti 2021 ni ó ti ń gbé èrò ibẹ̀ lọ sí Èkó. Ti ará Dallas gba àròjinlẹ̀: American, tí pápákọ̀ ibẹ̀ jẹ́ ibùdó rẹ̀, kì í fò lọ sí Nàìjíríà, àmọ́ British Airways àti Qatar Airways, tí àwọn àti American jọ wà nínú oneworld, ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú, ń balẹ̀ sí Èkó, a sì lè fi máìlì American gba àyè nínú ọkọ̀ wọn.

Ó wá ku owó ọdọọdún tí wọ́n ń gbà lórí káàdì náà. Ẹrù ọ̀fẹ́ tí káàdì ń fúnni ni ó sábà máa ń dí i fún àwọn tí ń fò káàkiri inú Amẹ́ríkà, nítorí ní 2024, àpótí àkọ́kọ́ nìkan ná wọn ní nǹkan bíi dọ́là 35 ní àlọ, àti bẹ́ẹ̀ ní àbọ̀. Ẹni tí kì í fò ju Èkó lọ, tí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì ti ní àpótí nínú, kò rí nǹkan kan gbà níbẹ̀. Kí ẹ sì ṣọ́ra: United kì í gbé àpótí náà lọ́fẹ̀ẹ́ àfi bí ẹ bá fi káàdì náà gan-an ra tíkẹ́ẹ̀tì.